Ẹ̀rọ Ìfọ-abọ́ Tí Kò Gba Omi: Bí Ẹ Ṣe Lè Wá Ibi Tí Ìṣòro Wà

Ẹ ti to abọ́ sínú ẹ̀rọ, ẹ ti da ọṣẹ sí i, ẹ ti tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ ń dún, ṣùgbọ́n omi ò wọlé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan ó dákẹ́, iná kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, tàbí kí lẹ́tà àti nọ́ńbà kan yọ lójú rẹ̀. Ohun tó sábà máa ń sọ sí èèyàn lọ́kàn ni pé fáàfù omi, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ṣí ọ̀nà omi tó sì ń pa á, ti bàjẹ́, wọn a sì lọ ra tuntun. Fáàfù máa ń bàjẹ́ lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ wá àwọn nǹkan tí kò gba owó: táàpù tí ẹnì kan ti pa tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, họ́ọ̀sì tó ká kò lẹ́yìn ẹ̀rọ, asẹ́ kékeré tí iyanrìn ti dí.

Bí omi ṣe ń dé inú ẹ̀rọ

Láti táàpù tó wà lábẹ́ síǹkì, omi ń gba inú họ́ọ̀sì lọ bá fáàfù tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ. Fáàfù yìí máa ń wà ní pípadé nígbà gbogbo. Iná mànàmáná ló ń ṣí i. Bọ́ọ̀dù tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ ló ń fi iná yẹn ránṣẹ́ sí i, kò sì ní fi ránṣẹ́ àyàfi tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì dáadáa, tí ohun tó ń ṣọ́ ìwọ̀n omi sì ti jẹ́rìí pé omi ò tíì kún. Nítorí náà, ẹ̀ka méjì ni ìwádìí wa ní: yálà omi ò dé ọ̀dọ̀ fáàfù, tàbí àṣẹ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí méjèèjì bá dé tí kò sì ṣí, ìgbà yẹn la tó lè di ẹ̀bi ru fáàfù fúnra rẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni omi ò wọlé?

Ẹ má bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ má sì fò ó. Ẹ̀rọ ìfọ-abọ́ òde òní kì í lo omi púpọ̀. Nǹkan bíi lítà 3 sí 4 ló sábà máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Omi yẹn kan náà ni pọ́ǹpù ń fà sókè, tó ń fọ́n sára abọ́, tó tún ń ṣàn padà sísàlẹ̀, títí ẹ̀rọ yóò fi dà á nù tí yóò sì gba òmíràn. Ẹni tó bá ń retí kí omi kún inú rẹ̀ yóò ṣí ilẹ̀kùn, yóò rí omi díẹ̀ lẹ́bàá asẹ́ ilẹ̀, yóò sì kígbe pé ẹ̀rọ ò gba omi.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló tún máa ń kọ́kọ́ fa omi tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ dà nù kó tó gba tuntun, torí náà ariwo pọ́ǹpù tí ẹ ń gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ kì í ṣe ti omi tó ń wọlé. Bọ́tìnì kan sì wà tó ń sún iṣẹ́ ẹ̀rọ di wákàtí mélòó kan síwájú. Bí ọmọdé bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á kàn jókòó máa ka àkókò ni, kò sí ohun tó ṣe é.

Ẹ kó abọ́ kúrò, ẹ yan ètò ìfọ̀ tó kúrú jù, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 5, kí ẹ wá rọra ṣí ilẹ̀kùn kí omi má bàa ta sí yín lára. Tí omi bá bo asẹ́ ilẹ̀, omi ń wọlé nìyẹn. Pọ́ǹpù ìfọ̀ tàbí àwọn apá tó ń fọ́n omi ni kí ẹ lọ wò. Tí ilẹ̀ ẹ̀rọ bá gbẹ táútáú, tàbí tó jẹ́ pé ó kàn rin lásán, ẹ máa bá mi bọ̀.

Ẹ fi etí sí i

Èmi kì í mú irin iṣẹ́ kankan jáde kí n tó ṣe èyí. Ẹ pa rédíò, ẹ bẹ àwọn ará ilé kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, kí ẹ fi etí sún mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ dúró títí pọ́ǹpù yóò fi fa omi àtijọ́ tán. Ohun tí ẹ bá gbọ́ lẹ́yìn náà ló máa sọ ibi tí ẹ máa gbà.

Tí ẹ bá gbọ́ ohùn tó ń kùn, hùn-ùn-ùn, tí kò sí ìró omi níbẹ̀, iná ti dé ọ̀dọ̀ fáàfù, ó sì ń gbìyànjú láti ṣí. Ọ̀nà omi ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Tí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́ rọ́rọ́, àṣẹ ni kò dé, tàbí kọ́ìlì fáàfù, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká sára rẹ̀ tí iná ń gbà láti ṣí i, ti jó.

Tí ẹ bá gbọ́ ṣààà bí omi ṣe ń wọlé, síbẹ̀ tí ilẹ̀ ẹ̀rọ ṣófo nígbà tí ẹ ṣí i, omi ń wọlé ó sì ń sá jáde.

Tí pọ́ǹpù tó ń da omi nù ò bá dákẹ́ rárá, tó ń ṣiṣẹ́ láìsinmi bí ẹ tilẹ̀ ti fagi lé ètò ìfọ̀, omi ti jò sínú àwo ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ. Ìyẹn ní ìtọ́jú tirẹ̀, a máa dé ibẹ̀.

Tó bá ń kùn tí omi ò wá

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Tí ẹ̀rọ yín ò bá ní púlọ́ọ̀gì tí ọwọ́ lè tó, ẹ já bíréékà rẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura sílẹ̀, kí ẹ sì ní garawa nítòsí, torí omi tó wà nínú họ́ọ̀sì máa dà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí táàpù. Ẹni tó tún síǹkì ṣe lánàá lè ti pa á, kó sì gbàgbé. Ẹ ṣí i dé òpin. Táàpù mìíràn sì wà tó ti gbó, tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí lóde ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ ò ṣí mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ tó yí ò fi tó ẹ̀rí. Ẹ fojú rí omi. Ẹ pa táàpù, ẹ tú họ́ọ̀sì kúrò lẹ́nu rẹ̀, ẹ gbé garawa sábẹ́, kí ẹ wá ṣí táàpù pátápátá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń fẹ́ kí táàpù lè da nǹkan bíi lítà 10 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn lítà 1 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 6. Ẹ wá ike tí ìwọ̀n lítà wà lára rẹ̀, ẹ kà á. Tí lítà kan bá ń gba ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ẹ má wulẹ̀ yọ ẹ̀rọ lẹ́nu, ọ̀dọ̀ púlọ́ńbà ni kí ẹ gbà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí agbára omi, torí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Iná nìkan kọ́ ló ń ṣí fáàfù yìí. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó bo ẹnu ọ̀nà. Iná kàn ń ṣí ihò tín-ń-tín kan ni. Agbára tí omi fúnra rẹ̀ fi ń ti ló wá ń gbé rọ́bà náà sókè. Tí omi bá rọ̀ jù, kọ́ìlì á máa kùn, ihò kékeré á ṣí, ṣùgbọ́n rọ́bà ò ní gbéra. Ìdí nìyẹn tí ìwé ẹ̀rọ fi máa ń kọ agbára omi tó kéré jù tí ẹ̀rọ lè gbà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù máa ń béèrè 0.5 bar (bar àti psi ni wọ́n fi ń wọn agbára omi), èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà sì sábà máa ń béèrè 20 psi, ìyẹn nǹkan bí 1.4 bar. Ẹni tó bá ń gba omi látinú táńkì tí wọ́n gbé sókè lè fúnra rẹ̀ ṣe ìṣirò yìí: mítà 10 ni omi gbọ́dọ̀ fi ga ju ẹ̀rọ lọ kó tó fún un ní bí 1 bar. Táńkì tó fi mítà 3 péré ga jù ú lọ, bí 0.3 bar ló máa fún un, bó ti wù kó tóbi tó. Títóbi táńkì ò kan agbára omi, gíga rẹ̀ ni. Ẹ lè pààrọ̀ fáàfù lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí irú ilé bẹ́ẹ̀, kò ní yàtọ̀; pọ́ǹpù tó ń fi agbára kún omi ni wọ́n nílò.

Tí omi bá ń tú dáadáa láti ẹnu táàpù, ẹ tẹ̀ lé họ́ọ̀sì pẹ̀lú ọwọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó ti sábà máa ń ká kò ni ẹ̀yìn ẹ̀rọ, níbi tí wọ́n ti tì í mọ́ ògiri. Ẹ fa ẹ̀rọ síwájú díẹ̀ kí ẹ sì nà án. Ní ibi tí òtútù ti ń mú omi dì, ẹ wò ó bóyá yìnyín ti dí i. Aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi gbígbóná ni kí ẹ fi wé e, ẹ má fi iná yá a.

Lẹ́yìn náà, asẹ́. Níbi tí họ́ọ̀sì ti wọ ara fáàfù, asẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ike tàbí wáyà tín-ín-rín ni wọ́n fi hun ún. Òmíràn tún lè wà ní ẹnu họ́ọ̀sì tó kan táàpù. Ẹ pa táàpù, ẹ fi ọwọ́ tàbí sípánà tú nọ́ọ̀tì họ́ọ̀sì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò fáàfù. Asẹ́ tó mọ́, ẹ máa rí àwọn ojú rẹ̀ kedere. Èyí tó ti dí á dà bíi pé wọ́n fi ẹrẹ̀ pa á lójú: ìpẹtà páìpù, iyanrìn, èérún funfun líle tí omi ń fi sílẹ̀, nígbà mìíràn ègé rọ́bà wọ́ṣà tó ti jẹrà. Àárín rẹ̀ sábà máa ń ní etí kékeré kan tó yọ síta. Ẹ fi ẹnu páláyà mú un níbẹ̀, kí ẹ rọra fà á. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí omi táàpù kí ìdọ̀tí lè jáde gba ọ̀nà tó gbà wọlé, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́. Èyí tí èérún funfun bò, ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà fún bí ààbọ̀ wákàtí. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ lu ihò sí i, ẹ má sì dá ọgbọ́n pé kó máa lọ láìsí asẹ́. Horo iyanrìn kan tó bá há sábẹ́ rọ́bà fáàfù tó láti má jẹ́ kó padé mọ́, ilẹ̀ ilé ìdáná ló sì máa gba omi yẹn.

Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún páìpù ṣe nínú ilé, tàbí tí omi lọ fún ìgbà díẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, asẹ́ yìí ni mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, àní ṣáájú táàpù.

Ẹ kíyè sí họ́ọ̀sì tó ní àpótí ike ńlá lẹ́nu níbi tó ti kan táàpù. Fáàfù wà nínú irú àpótí yẹn, wáyà iná sì wà nínú họ́ọ̀sì náà. Ẹ má rì í sínú omi, ẹ má gé họ́ọ̀sì rẹ̀ kúrú. Oríṣi kan wà tí kò lo iná, àmọ́ tó ní ojú kékeré kan lára: tí ojú náà bá ti pọ́n, họ́ọ̀sì inú ti bẹ́, ó sì ti ti ara rẹ̀ pa. Kò sí àtúnṣe fún un, ẹ ra họ́ọ̀sì tuntun.

Tí omi bá ń wọlé tó ń sá jáde

Èyí máa ń dààmú èèyàn, torí ìró omi ń dún ketekete. Họ́ọ̀sì tó ń da omi ẹ̀gbin nù ló jẹ̀bi. Tí wọ́n bá jẹ́ kó wálẹ̀ gbọrangandan láti ẹ̀rọ dé ojú páìpù, tàbí tí wọ́n tì í wọ inú páìpù jìnnà, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara rẹ̀ jáde, bí ìgbà tí wọ́n fi họ́ọ̀sì fa epo látinú táńkì ọkọ̀. Bí fáàfù ṣe ń bù ú wọlé ló ń ṣàn lọ.

Kí ẹ lè mọ̀ dájú, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gba omi, kí ẹ dá a dúró, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ máa wo omi inú rẹ̀. Tó bá ń fà láìjẹ́ pé pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, ẹ ti rí i. Ẹ gbé ààrin họ́ọ̀sì ìdàminù náà sókè, kí ẹ dè é mọ́ abẹ́ pẹpẹ síǹkì kó tó wálẹ̀ padà. Ìwé ẹ̀rọ máa ń sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ ga tó. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 40 sókè. Èmi máa ń gbé e ga dé ibi tí àyè bá gbà.

Tí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́

Ilẹ̀kùn ló kàn. Ẹ tì í, kí ẹ gbọ́ kó dún kẹ́ẹ́. Tí kò bá dún, ẹ wò ó bóyá abọ́ kan yọrí síta, tàbí agbọ̀n ìsàlẹ̀ ò wọlé tán. Tí ilẹ̀kùn bá ń fì, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ á tan tí ẹ bá fi orúnkún tì í, á sì kú tí ẹ bá fi sílẹ̀, ẹ má wá ìṣòro lọ síbòmíràn: ìkọ́ ilẹ̀kùn tàbí súìṣì inú rẹ̀ ti gbó.

Ẹ wo inú ẹ̀rọ, nísàlẹ̀, ní igun iwájú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ní ike kan níbẹ̀ tó rí bíi fìlà, tó ń léfòó tí omi bá ti ń ga. Fúlóòtù ni. Tó bá gòkè, súìṣì abẹ́ rẹ̀ á sọ fún bọ́ọ̀dù pé omi ti tó. Tí eegun ẹja, igi ìtayín tàbí ọṣẹ tó dì bá há sábẹ́ rẹ̀, á dúró sókè láìsí omi, bọ́ọ̀dù á sì gbà pé ẹ̀rọ ti kún. Ẹ fi ọwọ́ gbé e, kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ó yẹ kó já wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ sì gbọ́ kí súìṣì dún kẹ́ẹ́ nísàlẹ̀. Tó bá ń lọ́ra, ẹ yọ ọ́, ẹ fọ abẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tí kò ní fúlóòtù ń fi agbára omi tàbí mítà kékeré tó ń yí mọ ìwọ̀n omi. Tí mítà yìí bá há, omi á wọlé ní ti gidi, ẹ̀rọ á sì máa sọ pé kò wọlé.

Fúlóòtù kejì wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ó wà. Nínú àwo tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ló ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti ṣọ́ bí omi bá jò. Omi díẹ̀ tó bá dé ibẹ̀ á gbé e sókè, ẹ̀rọ á kọ̀ láti gba omi, á sì máa fa omi nù ṣáá. E15 ni kódù tí ẹ̀rọ Bosch àti Siemens máa ń kọ sójú wọn. Ẹ pa táàpù, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ tú họ́ọ̀sì, kí èèyàn méjì fa ẹ̀rọ jáde, kí ẹ sì rọra dà á síwájú títí omi àwo yóò fi jáde. Ẹ̀rọ á padà ṣiṣẹ́, àwọn kan á sì gbà pé ó ti tán. Kò tíì tán o. Omi yẹn ní ibi tó ti wá. Ẹ ṣí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá ibi tó ń jò. Nígbà mìíràn ọṣẹ tó ń hó jù ló fà á, pàápàá tí ẹnì kan bá da ọṣẹ tí wọ́n fi ń fi ọwọ́ fọ abọ́ sínú rẹ̀.

Ní ti àwọn kódù yòókù: LG máa ń kọ IE, Samsung máa ń kọ 4C (àwọn tó pẹ́ ń kọ 4E), AEG àti Electrolux máa ń kọ i10. Gbogbo wọn ò ju pé omi ò wọlé lásìkò tó yẹ. Wọn ò sọ ìdí rẹ̀, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kódù nìkan ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ fún yín.

Wíwọn fáàfù

Tí ilẹ̀kùn àti fúlóòtù bá dára, tí ẹ̀rọ sì dákẹ́ síbẹ̀, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ tú pákó tàbí irin pẹlẹbẹ tó bo ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ níwájú. Fáàfù sábà máa ń wà ní igun kan níbẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, ẹ̀gbẹ́ ni. Ẹ fi fóònù ya àwòrán wáyà rẹ̀ kí ẹ tó yọ wọ́n. Ẹ gbé mítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò sí ohm, ìyẹn ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dènà iná, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ẹsẹ̀ kọ́ìlì. Lára ẹ̀rọ tó ń lo iná 220 sí 240 volt, nọ́ńbà náà sábà máa ń wà láàárín 3,000 sí 5,000 ohm. Lára ẹ̀rọ 120 volt, láàárín 500 sí 1,500. Tí mítà ò bá mira rárá, kọ́ìlì ti já. Tó bá wà nítòsí òdo, ó ti jó mọ́ra. Ẹ pààrọ̀ fáàfù.

Tí nọ́ńbà náà bá dára, wáyà tàbí bọ́ọ̀dù ló kù, mo sì rọ̀ yín kí ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́. Wíwọn iná láàyè nínú àpótí tí omi yí ká kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dán wò fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ilé ìdáná.

Ẹ má tú fáàfù palẹ̀ láti fọ inú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n rọ́bà tó bá jókòó wọ́ lẹ́yìn títú lè kọ̀ láti padé, fáàfù yìí nìkan ló sì dúró láàárín páìpù àti ilẹ̀ ilé yín. Ẹ ra tuntun. Nọ́ńbà tó wà lára fáàfù àti èyí tó wà lára pépà etí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ni kí ẹ fi rà á. Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n, torí àwọn tó jọra máa ń ní ìwọ̀n omi tó yàtọ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá fi í sí i, ẹ kọ́kọ́ ṣí táàpù láìtan iná, kí ẹ fi pépà ìnuwọ́ gbígbẹ nu gbogbo oríkèé họ́ọ̀sì, kí ẹ wò ó bóyá ó rin. Ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú 10, ẹ tún nù ún. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá tan ẹ̀rọ nígbà tó ṣì wà níta, kí ẹ jẹ́ kó gba omi lójú yín. Tí ẹ bá ń tì í padà sáyè rẹ̀, kí ẹnì kan máa fi ọwọ́ darí họ́ọ̀sì láti abẹ́ síǹkì kó má bàa tún ká kò.